Kí Wọ́n Tó Rọ Gáàsì Sínú AC Ọkọ̀ Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tó ń wa mọ́tò tó ní AC, ó sì kan àwọn tó ń fi iṣẹ́ AC jẹun. Bí AC bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí wa lójú nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tá a sì darí mọ́tò sọ́dọ̀ oníṣẹ́, gbólóhùn kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Gáàsì ti tán." Á rọ gáàsì, ẹ ó sanwó. Bí kò bá tutù, á ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti kú, ẹ ó tún san èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Mo fẹ́ kó yé wa pé gáàsì lè pé, kí ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sì dá ṣáṣá, kó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kan tí kò tó ìka ọmọdé, tàbí wáyà méjì tó so mọ́ ọn, ló ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀. Irọ́ yẹn ṣeé mú. Mítà iná tó wà lọ́wọ́ gbogbo réwáyà la fi ń mú un.

Ohun kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí. Gáàsì AC kì í ṣe bẹntiróòlù. Kì í jó tán. Inú páìpù ló ń yí ká sí, òun kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá dín kù, ó ń jò ni. Òótọ́ ni pé díẹ̀díẹ̀ lè máa yọ́ jáde lára rọ́bà páìpù láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n AC tó bá ń béèrè gáàsì lóṣooṣù, ihò wà níbì kan, tàbí kó jẹ́ pé gáàsì kọ́ ló ń béèrè. Mọ́tò kékeré bíi Corolla kò gbà ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ. Bí wọ́n bá rọ ọ́ ní àkúnwọ́sílẹ̀, agbára inú páìpù á ga sókè, súìṣì ààbò á dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dúró, tàbí kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa gbé ẹrù tí apá rẹ̀ ò ká títí á fi bàjẹ́. Ẹni tó ní kí wọ́n bá òun tún nǹkan ṣe á wá fi owó ara rẹ̀ ra ìbàjẹ́ tuntun. Èyí máa ń dùn mí gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé wọn ò tíì fi ohunkóhun wọn ohunkóhun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí AC ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fún gáàsì pọ̀. Gáàsì á gbóná janjan, á gba inú kọ́ńdẹ́ńsà níwájú rédíétọ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ooru rẹ̀ ti ń jáde, tí á sì di olómi. Olómi yìí á gba ihò tóóró kan wọ inú evaporator, èyí tó fara jọ rédíétọ̀ kékeré, tí wọ́n gbé pa mọ́ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi tí pígíọ́nhóòlù wà. Níbẹ̀ ló ti ń hó, tó sì ń fa ooru afẹ́fẹ́ mọ́ra. R-134a, gáàsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tá à ń gùn nílẹ̀ yìí, máa ń hó ní díígírì 26 sísàlẹ̀ òdo bí kò bá sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ ju afẹ́fẹ́ ayé lọ. Ẹ ò rí i pé òtútù kékeré kọ́ la gbé sínú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ wa kún fún ọ̀rinrin, pàápàá fún ẹni tó ń gbé létí òkun bí Èkó. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá ti fara kan evaporator, ọ̀rinrin á di omi, omi náà la sì ń rí tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí evaporator bá tutù kọjá òdo, omi ara rẹ̀ á di yìnyín, yìnyín á dí gbogbo àlàfo àárín irin wẹ́wẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní rọ́nà kọjá mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi há sẹ́ńsọ̀ kan sáàárín irin evaporator. Bó bá ti sọ fún ọpọlọ AC pé òtútù ti sún mọ́ òdo, bíi díígírì 1 sí 3, ọpọlọ á dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dúró. Bó bá gbóná díẹ̀, á tún tan án. Ìró "ta" tí ẹ máa ń gbọ́ níwájú ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì á sì mì díẹ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde ni. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan, kì í jáde pátápátá, ṣe ni ọpọlọ máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Síbẹ̀, ẹnu sẹ́ńsọ̀ kan náà ló ń wò.

Kí ló wà nínú sẹ́ńsọ̀ náà? Èròjà kan ni tí ìdíwọ́ tó ń ṣe fún iná máa ń dín kù bó bá ń gbóná, tó sì máa ń pọ̀ sí i bó bá ń tutù. Wáyà bàbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bó bá gbóná ni. Lọ́dún 1833, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíyè sí i pé èròjà kan tí wọ́n fi fàdákà àti imí-ọjọ́ ṣe ń ṣe òdìkejì ohun tí bàbà ń ṣe: bó ṣe ń gbóná ni iná ń ráyè kọjá sí i. Irú ìwà yẹn la fi ń ṣọ́ AC lónìí, àyàfi pé àwọn èròjà bíi manganese àti nickel ni wọ́n ń lò báyìí, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì sun pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí ẹ bá fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ evaporator nígbà tó wà ní díígírì 25, ẹ ó rí ìdíwọ́ tó tó nǹkan bí óòmù 1,500. Ní díígírì 15, á wà láàárín 2,000 sí 2,700. Ní òdo, á ti gòkè dé nǹkan bí 4,500 sí 5,200.

Ọpọlọ AC máa ń ti iná fólítì 5 jáde gba inú ìdíwọ́ kan tó wà nínú òun fúnra rẹ̀. Iná náà á gba wáyà kan dé sẹ́ńsọ̀, á gba wáyà kejì padà sí ẹ́ẹ̀tì. Iye fólítì tó bá ṣẹ́kù lórí wáyà àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ń wò. Bí sẹ́ńsọ̀ bá tutù, ìdíwọ́ rẹ̀ á ga, fólítì á pọ̀. Bó bá gbóná, fólítì á wálẹ̀. Ọpọlọ ò lè nawọ́ kan evaporator kó fi mọ bó ṣe tutù tó. Fólítì yẹn nìkan ló ń gbọ́.

Ibí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ. Bí ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì bá já, iná ò ní rí ibi gbà dé ẹ́ẹ̀tì, fólítì 5 á dúró digbí. Lójú ọpọlọ, fólítì 5 jẹ́ òtútù tó kọjá àlà. Lórí skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí ọpọlọ ń gbọ́, ẹ lè rí i kó kọ nǹkan bí díígírì 30 sísàlẹ̀ òdo, l'Ékòó, lọ́sàn-án gangan. Ọpọlọ á gbà pé evaporator ti di yìnyín, kò sì ní jẹ́ kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wọlé rárá. Gáàsì pé, bẹ́líìtì ń yí, ooru ló ń fẹ́. Bó bá wá jẹ́ pé wáyà méjèèjì ló bó, tí wọ́n sì fara kanra, fólítì á já sí òdo, á dà bíi pé evaporator ń gbóná, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yìnyín á fi dí gbogbo ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn á tilẹ̀ mọ̀ pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́, wọ́n á dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dúró, wọ́n á sì fi kóòdù àṣìṣe pa mọ́ sínú ọpọlọ.

Irọ́ ńlá méjì yẹn ò le láti mú. Irọ́ kékeré ló ń da oníṣẹ́ láàmú, èyí tí kì í mú kóòdù wá. Ìpẹtà aláwọ̀ ewéko tó máa ń bo ẹnu wáyà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìdíwọ́ fúnra rẹ̀, á fi kún ti sẹ́ńsọ̀, ọpọlọ á sì rò pé ó tutù ju bó ṣe tutù lọ. Á máa tètè dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dúró, AC á tutù díẹ̀, kò ní tutù tó. Omi ní tirẹ̀ ń ṣe òdìkejì. Bí omi bá wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná á rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà láàárín wáyà méjèèjì, ìdíwọ́ á dín kù, ọpọlọ á rò pé ó gbóná ju bó ṣe gbóná lọ. Yìnyín ló ń gbẹ̀yìn ìyẹn. Ẹni tó bá mọ èyí lórí, kò tíì tú nǹkan kan tí á ti mọ ibi tí á fojú sí.

Mo rí irú rẹ̀ lára mọ́tò ìyá kan tó ń ná ọjà láàárín Ìbàdàn àti Èkó. Bó bá kúrò ní Ìbàdàn, AC á tutù rekete. Kó tó dé Ṣágámù, ó ti di ìṣòro. Wọ́n ti rọ gáàsì sí i léraléra, wọ́n sì ti ní kó lọ wá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ rà. Mo bi í pé, "Màmá, nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ ṣì máa ń gbọ́ ariwo blówà?" Ó ní, "Ó ń ké dáadáa, ọmọ mi, atẹ́gùn ni ò jáde mọ́." Mo tún bi í bóyá ó máa ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá dúró níbì kan. Ó ní bí àwọn bá yà ra epo, tí àwọn sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, á tún fẹ́ bí ẹni pé kò ṣe é rí, àti pé omi tó máa ń dà sábẹ́ mọ́tò nígbà yẹn máa ń ya òun lẹ́nu. Yìnyín tó ń yọ́ ni omi yẹn. Nígbà tá a tan AC, tá a ki tẹmómítà bọ ihò afẹ́fẹ́ àárín, díígírì 2 ló wà, skánà sì ń sọ pé evaporator wà ní 11. Mo tú pígíọ́nhóòlù, mo nawọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀, ó tutù, ó sì rin. Gíláàsì iwájú ló ń jò nígbà òjò, tí omi ń tọ wáyà wá síbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ò ní àbùkù kankan. A nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, a jẹ́ kó gbẹ, a dí ojú gíláàsì, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àtijọ́ sì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni mọ́tò, ẹ máa ṣe àlàyé yín dáadáa fún oníṣẹ́. "AC ò ṣiṣẹ́" kò tó. Ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde yàà, ṣùgbọ́n ó gbóná? Àbí ó tutù níbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló wá ń dín kù díẹ̀díẹ̀? Ṣé àárọ̀ ló ń ṣe é ni, àbí ojú ọ̀nà jíjìn? Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí òjò rọ̀, àbí lẹ́yìn tí ẹ gbọ́ pé eku ń ṣeré nínú mọ́tò? Eku fẹ́ràn láti máa jẹ rọ́bà ara wáyà, ibi òkùnkùn inú dáṣíbọ́ọ̀dù sì bá a lára mu.

Ó yá, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ réwáyà tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yín kàn. Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù kò ná yín ní nǹkan kan ju kẹ́ ẹ tètè jí. Bí mọ́tò bá ti sùn mọ́jú, gbogbo ara rẹ̀ á wà ní ìwọ̀n kan náà. Kẹ́ ẹ tó sítáàtì rẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ so skánà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ evaporator, ti inú ọkọ̀, ti ìta àti ti omi ẹ́ńjìnnì ń sọ. Ó yẹ kí wọ́n sún mọ́ra. Bí mẹ́ta bá ń sọ díígírì 26, 27, tí ọ̀kan sì ń sọ 14, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bi léèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń purọ́, àbí wáyà, àbí ọpọlọ. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lára sẹ́ńsọ̀, kẹ́ ẹ wo skánà. Ó gbọ́dọ̀ já sí ìsàlẹ̀ pátápátá, sí òtútù tó kẹ́yìn. Ẹ wá fi wáyà tín-ín-rín kan bíríìjì ẹnu méjèèjì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ó gbọ́dọ̀ fò sókè sí ooru tó kẹ́yìn. Bó bá ṣe méjèèjì bẹ́ẹ̀, wáyà ń dé ọpọlọ, ọpọlọ náà sì ń gbọ́. Ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Bó bá wà lójú kan náà bẹ́ ẹ ṣe yọ ọ́ tẹ́ ẹ sì bíríìjì ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ra sẹ́ńsọ̀, wáyà tàbí ọpọlọ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà, ẹ sì ti pín iṣẹ́ sí méjì. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì tó ń gba fólítì 5 nìkan la ń ṣe èyí fún. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dán an wò lára sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́ta tó ń wọn agbára gáàsì, tàbí lára wáyà tó ń gbé fólítì 12.

Bí kò bá sí skánà, mítà tó. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì ọkọ̀, kẹ́ ẹ wọn fólítì láàárín ẹnu wáyà méjèèjì. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 5. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ fi ẹsẹ̀ dúdú mítà kan irin ara ọkọ̀, kẹ́ ẹ tún fi pupa wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 5 lórí ọ̀kan báyìí, wáyà tó ń padà sí ẹ́ẹ̀tì ló já. Bí ẹ ò bá rí i lórí èyíkéyìí, wáyà tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ ni kẹ́ ẹ tọpasẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo fíùsì ọpọlọ náà kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gílóòbù tẹ́sítà ṣe iṣẹ́ yìí. Iná tí gílóòbù ń fà pọ̀ ju ohun tí ìlà kékeré yẹn lè gbé lọ, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ yọ ọ́, ẹ so ó mọ́ mítà lórí óòmù. Ẹ di ibi orí rẹ̀ mú lọ́wọ́, óòmù gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ tì í bọ inú ife omi tó kún fún yìnyín, ó gbọ́dọ̀ máa gòkè bọ̀ títí tá á fi dé àyíká 5,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíì, tàbí tó dúró lójú kan, ó ti lọ nìyẹn. Bó bá wá ṣe dáadáa nínú ife, tó sì ń ṣe wérewère nínú ọkọ̀, ẹ dá a padà, ẹ tẹjú mọ́ skánà, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ mi wáyà láti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì títí dé ibi tó ti wọ ìdì wáyà ńlá. Ibi tẹ́ ẹ bá mì tí òǹkà fò, ibẹ̀ ló ti ṣẹ́ sínú rọ́bà. Ẹ sì ṣọ́ra nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ti àpò afẹ́fẹ́ ààbò ni, ẹ má ki mítà bọ ọ́ láéláé. Bí iṣẹ́ bá máa gbé yín dé ìtòsí rẹ̀, ẹ yọ ẹsẹ̀ bátìrì, kẹ́ ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ti evaporator nìkan kọ́ ni sẹ́ńsọ̀ tó wà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn bọ́ńpà iwájú tó ń wọn ooru ìta. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí èyí bá sọ pé ìta ti tutù dé ìwọ̀n òdo, ọpọlọ ò ní tan kọ̀mpúrẹ́sọ̀, nítorí pé ìlú oníyìnyín wà lára ibi tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mọ́tò forí gbá nǹkan, ó di ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀bítà. Wọ́n tú bọ́ńpà, wọ́n na irin, wọ́n kùn ún, wọ́n dá bọ́ńpà padà, ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́tò ń dán, AC ti dákẹ́. Àwọn tòkunbọ̀ kan ti gbá nǹkan lókè òkun kí wọ́n tó gbé wọn wá, àìsàn yìí ni wọ́n sì bá wọ èbúté. Bí mọ́tò yín bá ń kọ ooru ojú ọjọ́ sára dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ máa wò ó. Bó bá ń kọ òtútù tí ẹnikẹ́ni ò rí rí nílùú yín, tàbí tó ń fa ìlà lásán, ẹ ti rí ẹlẹ́rìí.

Ọ̀kan tún wà nínú ọkọ̀ lọ́dọ̀ awakọ̀, lẹ́yìn ihò wínníwínní kan tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Eruku máa ń dí i. Ẹ ya tíṣù díẹ̀, ẹ gbé e síbẹ̀ nígbà tí blówà ń ṣiṣẹ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń mí. Bó bá jábọ́, sẹ́ńsọ̀ náà ò mọ ohun tó ń lọ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Toyota tàbí Lexus àtijọ́ tí AC rẹ̀ ní bọ́tìnì AUTO, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè fẹnu ara wọn sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ tẹ AUTO àti bọ́tìnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ká mọ́lẹ̀ pa pọ̀, kẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo iná bọ́tìnì á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin, kóòdù á sì tẹ̀ lé e. 00 ni pé kò sí àṣìṣe. 11 ni ti inú ọkọ̀, 12 ni ti ìta, 13 ni ti evaporator. Lórí skánà, àwọn yìí kan náà ni B1411, B1412 àti B1413. Inú oòrùn ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, torí pé 21 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wo oòrùn. Bí mọ́tò bá wà lábẹ́ òrùlé, á kọ 21 láìsí nǹkan tó ṣe é. Ẹ sì má gbàgbé pé kóòdù 13 kò ní kẹ́ ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ọ̀nà iná yẹn ló ní kẹ́ ẹ lọ wò, láti ọpọlọ dé sẹ́ńsọ̀, àlọ àti àbọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí dáírẹ́ẹ̀tì, bí inú ò tilẹ̀ ní dùn sí mi níbì kan. Bí àwọn kan nínú wa ò bá rí ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n á fa wáyà láti bátìrì lọ sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, wọ́n á fi súìṣì kan sára dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á ní ó ti parí. Àwọn mìíràn á fi rẹsístọ̀ óòmù 1,500 kan rọ́pò sẹ́ńsọ̀ kí ọpọlọ lè máa rò pé díígírì 25 ni nígbà gbogbo. Ó máa ń tutù lọ́jọ́ náà, oníbàárà á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí á dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dúró mọ́. Evaporator á dì, gáàsì tó yẹ kó hó níbẹ̀ ò ní rí ooru fà, á sì padà sínú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ní olómi. Olómi kò ṣeé fún pọ̀ bí gáàsì. Irin inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló máa ń fara gbá a, èérún irin rẹ̀ á sì tú ká gbogbo páìpù, dé inú kọ́ńdẹ́ńsà. Owó sẹ́ńsọ̀ kan tá ò fẹ́ wá ìdí rẹ̀ ti wá di owó gbogbo AC. Kò yẹ ká máa ṣe é fún ẹni tó fọkàn tán wa, ọmọ iṣẹ́ tó bá sì rí i lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ á gbà pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Bó bá wá di dandan kẹ́ ẹ ra sẹ́ńsọ̀, bóyá ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó lẹ ti máa rà á ni, àbí níbòmíì, ẹ mú ti àtijọ́ dání kí nọ́ńbà ara wọn lè bára mu, torí pé sẹ́ńsọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì kí óòmù wọn sì yàtọ̀. Ẹ mú mítà dání pẹ̀lú. Ẹ wọn ọ́ níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ di orí rẹ̀ mú lọ́wọ́, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tòkunbọ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ dára ju tuntun tí kò ṣe é lọ. Bí wọ́n bá ń fi í sínú evaporator, kí wọ́n há a sí ibi tí wọ́n ti yọ ti tẹ́lẹ̀ gan-an, kó fara kan irin dáadáa, torí pé bó bá rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ lásán, òun náà á purọ́ láìjẹ́ pé ó bàjẹ́. Kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kẹ́ ẹ wa mọ́tò jáde fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú tẹmómítà nínú ihò afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ sì máa tẹ́tí sí ìró "ta" yẹn. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń wọlé tó ń jáde, tí afẹ́fẹ́ ò sì dín kù, ẹ sanwó iṣẹ́ fún oníṣẹ́ tayọ̀tayọ̀.